Àtàndá, Agbèrò Bàálù

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Àtàndá fi pe èrò Òkè-Ògùn ní gáréèjì Ketu. Ohùn rẹ̀ ti ya kí irun rẹ̀ tó funfun. Láti Alápẹ̀rẹ̀ títí dé Mile 12, kò sí ọmọ Òkè-Ògùn tí kò mọ̀ lórúkọ, ì báà jẹ́ bíríkìlà, ì báà jẹ́ télọ̀. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ tuntun fi wá a wá.

Olówó kan, ọmọ Òkè-Ọsẹ̀ ní Òkè-Ògùn, ló kọ́ pápákọ̀ òfurufú sí ìlú rẹ̀. Omi ẹ̀rọ kò tíì dé Òkè-Ọsẹ̀. Títì tó wọ ìlú náà, kòtò rẹ̀ ju ọ̀dà rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bàálù dé. Èrò mẹ́sàn-án péré ló ń gbà, ọjọ́ Ẹtì nìkan ló sì ń gbéra láti Ìkẹjà. Alága, bí gbogbo wọn ṣe ń pe olówó náà, gba ṣọ́ọ̀bù kan sí Ìkosì fún àwọn tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Ó fi Jessica, ọmọ Magodo, ṣe mánijà, ó sì ní kí wọ́n wá ẹni tó mọ èrò. Wọ́n fi táì sí Àtàndá lọ́rùn. Levi, tí wọ́n jọ ń pe èrò ní Ketu, rí táì náà, ó kúnlẹ̀ láàárín gáréèjì.

"Ọ̀gá páílọ́ọ̀tì! Ẹ má gbàgbé wa lójú sánmà o!"

"Dìde jàre. Ẹni tí ò wọ bàálù rí, kí ló mọ̀?"

"Ìwọ ńkọ́, o ti wọ̀ ọ́?"

Àtàndá tún táì rẹ̀ ṣe. Kò wọ̀ ọ́ rí.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bàálù gbé èrò mẹ́rin. Ní èkejì, mẹ́ta. Ní ẹ̀kẹta, méjì. Ni Alága bá sọ ọ́ gbangba lórí fóònù: bí èrò kò bá pé mẹ́jọ ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. Àtàndá mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: kí ó padà sínú oòrùn Ketu, ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta, sí ẹnu Levi.

Àwọn èèyàn kúkú ń wá. Wọ́n á wo àga tó ṣófo, wọ́n á wo ìwé orúkọ tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Wọn kì í padà. Àtàndá kò bínú sí wọn. Ta ló fẹ́ kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ tó ṣófo? Ní Ketu, agbèrò mẹ́ta mẹ́rin ló máa ń jókòó sínú ọkọ̀, báàgì lórí itan, bí ẹni tó ń re ìrìn àjò. Bí ọkọ̀ bá ti ń kún, tí èrò gidi ń wá àyè, ọ̀kan nínú wọn á rọra bọ́ sílẹ̀. Kò sì sí ẹni tó kọ́ Àtàndá pé bàálù yàtọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, Levi àti àwọn mẹ́ta mìíràn jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Ìkosì, báàgì lórí itan, orúkọ nínú ìwé. Levi tilẹ̀ ń ṣàlàyé fún àwọn tó ń wọlé bí bàálù ṣe mì díẹ̀ nígbà tí àwọn dé òkè Ìsẹ́yìn. Kó tó di Ọjọ́rú, èrò gidi márùn-ún ti forúkọ sílẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, Jessica dé, ó ka orúkọ mẹ́sàn-án nínú ìwé, ó pariwo. Kíá ló pe Alága: "Ó ti kún, sà! Mẹ́sàn-án!"

Kò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí Ajarat, télọ̀ Alápẹ̀rẹ̀, fi wọlé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ìyá rẹ̀.

"Uncle Àtàndá, ẹ bá wa wá àyè mẹ́ta. Orúnkún màámi ò lè gba kòtò yẹn mọ́."

"Aunty, ẹ má bínú," ni Jessica fèsì. "Ó ti full. Àfi ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ẹ kú oríire o. Màámi, ẹ jẹ́ ká máa lọ sí gáréèjì."

Àtàndá wo Levi. Levi ń wo àjà. Agbèrò kì í tú àṣírí ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀. Ẹni tó bá tú u, kó wáṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n èrò márùn-ún ni yóò dé Ìkẹjà lọ́la, Alága sì mọ òǹkà. Ìyá Ajarat ti ń fi ọ̀pá wá ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ bọ́ sílẹ̀!" ni Àtàndá figbe ta.

Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gbé báàgì, wọ́n jáde. Levi ló kẹ́yìn. "Madam, mo bọ́ níbí."

"Daddy, níbo ni wọ́n ń lọ?" ni Jessica bi Àtàndá.

"Madam, wọn kì í ṣe èrò. Èmi ni mo kó wọn jókòó, kí àwọn tó kù lè wọlé."

Jessica wo àga mẹ́rin tí wọ́n fi sílẹ̀. Ọdún mẹ́rin ló fi wọ ọkọ̀ láti Ketu lọ sí ilé ìwé ní Ìbàdàn. "Ẹ dúró ná. Àwọn tó máa ń jókòó sẹ́yìn nínú ọkọ̀ Ìbàdàn..."

"Iṣẹ́ kan náà ni, Madam."

"Wákàtí méjì ni mo máa ń fi dúró!"

"Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ n sáré lé Ajarat."

"Ẹ tètè!"

Ó sáré, táì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ léjìká rẹ̀. "Òkè-Ọsẹ̀! Òkè-Ọsẹ̀! Àyè mẹ́ta! Wọlé kó o máa lọ!" Àwọn ará àdúgbò ń wá ọkọ̀ tó ń pè, wọn kò rí i. Ajarat yíjú padà.

"Uncle, wọ́n ní ó ti kún."

"Àwọn kan ti bọ́ sílẹ̀."

"Nínú bàálù?" Ìyá náà dúró ṣinṣin. "Níbo ni wọ́n bọ́ sí?"

"Ìkosì níbí ni, Màámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀."

Nígbà tí wọ́n kọ orúkọ wọn tán, Jessica tún pe Alága. "Mẹ́jọ ni wọ́n, sà."

"Ṣebí mẹ́sàn-án lo pè fún mi lẹ́ẹ̀kan?"

Jessica wo Àtàndá, tó di tábìlì mú, tó ń mí bí ẹran Iléyá.

"Ẹnìkan bọ́ sílẹ̀, sà," ló wí, ó sì pa fóònù.