Ohun Tí Kámẹ́rà Rí Lórúnkún Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú èmi àti ọmọ mi rí ní Ìkòsí níbí. Ọ̀rọ̀ orúnkún ni, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò fara pa, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé ọkàn mi kì í balẹ̀ lórí Mọ́ríámọ̀. Òun nìkan ni mo bí. Aṣọ ilé-ìwé ni mò ń rán ní Kétu. Bí apá ṣẹ́ẹ̀tì kan bá fi díẹ̀ gùn ju èkejì lọ, ojú mi á rí i. Ojú yẹn náà ni mo fi ń ṣọ́ ọmọ yìí. Nígbà tó ní òun fẹ́ máa gbá fọ́líbọ́ọ̀lù, mo gbà, àmọ́ mo ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń gbá a ni èmi náà yóò máa wà. Ṣé mo ṣẹ̀ ni?

Ni Coach wọn bá pe àwa òbí jọ. Obìnrin ni Coach, ohùn rẹ̀ sì tó ti àwọn tó ń pe èrò ní gáréèjì Ọ̀jọ́tà. Ó ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kàwé sí i ní yunifásítì, Uncle Tádé, ń ṣe ìwádìí lórí bí ara ọmọdé ṣe ń ṣe nígbà tó bá fò sókè tó sì balẹ̀. Ó fẹ́ kí á fọwọ́ sí i.

Mo nawọ́ sókè. Ṣé wọ́n máa gba ẹ̀jẹ̀ wọn? Ṣé fídíò wọn ò ní dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì?

Coach ní, “Mummy Mọ́ríámọ̀, ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? Orúnkún ni wọ́n fẹ́ wò, wọn ò ní àwọn fẹ́ fi sebẹ̀!”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Uncle Tádé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé kò sí ẹ̀jẹ̀, pé òun yóò bo ojú àwọn ọmọ nínú fídíò, àti pé mo lè jókòó síbẹ̀ kí n máa wò. Mo fọwọ́ sí i.

Nígbà tó di Sátidé, ó lẹ sítíkà funfun kéékèèké mọ́ ìbàdí, orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ àwọn ọmọ, ó sì gbé kámẹ́rà síwájú wọn. Wọ́n á bẹ́ sílẹ̀ láti orí àpótí pákó kan, bí ẹsẹ̀ wọn bá ti tẹlẹ̀, wọ́n á tún fò sókè bí ẹni fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Mo rí i pé sítíkà orúnkún òsì Mọ́ríámọ̀ ga ju ti ọ̀tún lọ. Mo sọ fún Uncle Tádé. Ó wọ̀n ọ́n, òótọ́ ni! Ó ní kí n kúkú wá bá òun ṣiṣẹ́. Inú mi dùn, mi ò ní parọ́.

Ó kan Mọ́ríámọ̀. Mo jókòó lọ́wọ́ òsì rẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá bẹ́ ni mò ń kí i ní pẹ̀lẹ́ bí abiyamọ ṣe ń ṣe.

Lẹ́yìn náà ni Uncle Tádé ṣí láptọ́ọ̀pù rẹ̀, ó pa ohùn fídíò náà, ó sì jẹ́ kí ó máa lọ díẹ̀díẹ̀. Orúnkún àwọn ọmọ yòókù dúró dáadáa. Ti Mọ́ríámọ̀? Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kan ilẹ̀, orúnkún ọ̀tún á tẹ̀ wọnú, ara rẹ̀ á sì yí sí òsì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe ní gbogbo ìgbà tó bẹ́!

Uncle Tádé ní bí ẹni tó ń fò bá ń balẹ̀ báyìí, orúnkún rẹ̀ lè bàjẹ́. Ó ní ó sàn kí Mọ́ríámọ̀ má gbá ìdíje tó ń bọ̀ títí dókítà eegun yóò fi wò ó. Ìdíje yẹn ni ọmọ ń sọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ló bá bú sẹ́kún.

Mo ti fẹ́ sọ pé fọ́líbọ́ọ̀lù ti parí nìyẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò yé mi. Ẹsẹ̀ tí mo wẹ̀, tí mo nà láti kékeré! Èmi ni mo ń rán síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, etí rẹ̀ kì í gbè síbì kan. Mo bi Uncle Tádé pé báwo ni orúnkún tó ń gun àtẹ̀gùn dáadáa ṣe máa wá yẹ̀ níbi fífò nìkan?

Ó ní ohun tí òun náà ń rò nìyẹn. Ó tún fídíò náà bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.

Ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ohùn mi jáde: “Pẹ̀lẹ́ o!” Ohùn Mọ́ríámọ̀ tẹ̀ lé e: “Ẹ ṣé mà!” Orúnkún sì tẹ̀.

Àṣé ọmọ ń yíkàá fún mi ni! Ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ wo ni ìyá rẹ̀ máa kí ní pẹ̀lẹ́ tí yóò panu mọ́?

Coach dì mọ́ ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbà mí o! Ọmọ ń kúnlẹ̀ láti òfúrufú!”

Mọ́ríámọ̀ nu ojú rẹ̀. Ó ní, “Mummy, mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo dá yín lóhùn.”

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn. Uncle Tádé ṣàlàyé pé ìṣẹ́jú àáyá tí ẹsẹ̀ ń balẹ̀ gba gbogbo ọkàn ènìyàn. Bí iṣẹ́ mìíràn bá já wọ̀ ọ́, ara á pín ara rẹ̀ sí méjì. Ohun tó sì ti mọ́ni lára láti kékeré kì í tọrọ àyè kó tó ṣẹlẹ̀.

Mo ní kí á dán an wò ná. Mo jókòó síbi tí mo wà, mo fi etí gèlè há ẹnu. Ọmọ bẹ́, orúnkún méjèèjì dúró ṣinṣin! Uncle Tádé ṣẹ́jú sí mi, mo kí ọmọ ní pẹ̀lẹ́, orúnkún tẹ̀. Mo dákẹ́, ó dúró. Ni àwọn òbí yòókù bá ní àwọn náà fẹ́ kí ọmọ tiwọn. Orúnkún àwọn kan tẹ̀ díẹ̀. Ti Kúnlé, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ò mira rárá.

Ìyá rẹ̀ pariwo pé, “Ẹ rí i? Mo ti ń sọ ọ́ pé ọmọ yìí ò ní ẹ̀kọ́ ilé!”

Mo ṣì mú Mọ́ríámọ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà eegun, ẹ mọ̀ mí. Kò rí nǹkan kan. Ọmọ gbá ìdíje rẹ̀. Ìgbà kan tiẹ̀ wà tó ṣubú gan-an, tí ẹnu mi ti là. Mo pa á dé. Ó dìde fúnra rẹ̀, kò wojú mi, bọ́ọ̀lù ló ń wò.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ara ọmọ ń gbọ́ wa kódà nígbà tí ọmọ fúnra rẹ̀ ò mọ̀ pé òun gbọ́. Mi ò ní kí á má kí wọn ní pẹ̀lẹ́ o! Kí ẹsẹ̀ wọn kọ́kọ́ tẹlẹ̀ ná.

Ìbéèrè kan ṣì kù lọ́kàn mi. Mo bi Uncle Tádé pé nílùú tí wọn kì í ti í kí ara wọn ní pẹ̀lẹ́, kí ló ń tẹ orúnkún tiwọn? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò mọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ara ọmọ yín ń ṣe tí ọmọ gan-an ò mọ̀ pé òun ń ṣe? Ẹ kọ ọ́ síbí fún mi, màá kà á níkọ̀ọ̀kan.