Ta Ni Yóò Dá Àbúrò Mi Sílẹ̀?

Bàbá mi ti fa àbúrò mi lé alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa tó ka ìwé àdéhùn tó gbé wá. N kò bá wọn wí. Mẹ́káníìkì ọ̀kadà ni wọ́n ní Lálúpọn, wọ́n sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ níṣẹ́. Bí òbí bá mú ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù wọn, òbí náà á dìde níwájú gbogbo èèyàn, á ní, "Mo fa ọmọ mi lé yín lọ́wọ́." Ọ̀rọ̀ yẹn ló so ọmọ mọ́ ọ̀gá títí di ọjọ́ fúrídọ́ọ̀mù, ọjọ́ tí ọ̀gá máa gbàdúrà fún un, tí á sì dá a sílẹ̀ kó lọ máa ṣiṣẹ́ ara rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí alága wá sílé wa lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, tó sọ pé òun fẹ́ kí àbúrò mi máa gbá bọ́ọ̀lù jẹun lọ́dọ̀ òun, bàbá mi dìde. Wọ́n di ọmọ lọ́wọ́ mú. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà, àwọn ará ilé ṣe àmín. Alága fi ìwé àdéhùn sílẹ̀ lórí tábìlì, ó ní kí ọmọ fọwọ́ sí i, òun á wá gbà á lọ́jọ́ Àìkú.

Akínyẹlé ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, n kò sì dé ilé títí di ọjọ́ Sátidé. Àbúrò mi fún mi ní ìwé náà kí n tó bọ́ bàtà. Ọmọ ogún ọdún ni, ẹsẹ̀ òsì ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sì sí ohun mìíràn tó fẹ́ ṣe láyé.

"Ẹ bá mi wò ó, Àǹtí mi," ó ní. "Ẹ má sọ pé kò dáa tí kò bá burú o."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló burú. Owó oṣù wà níbẹ̀ ní kedere, ilé tí ọmọ máa gbé náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ pé bí ọdún méjì bá pé, ẹgbẹ́ lè fi ọdún méjì mìíràn kún un bó bá wù wọ́n, wọ́n sì tún lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ọmọ kò lè kọ̀. Kò lè lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn láìgba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn. Bó bá sì farapa níbi ìdánrawò, kò kàn wọ́n. Bó bá farapa lójú ìdíje nìkan ni wọ́n máa tọ́jú rẹ̀.

Nítorí pé n kò kọ́ òfin, mo pe ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ agbẹjọ́rò. Ó ní a lè pẹjọ́ tako irú àdéhùn bẹ́ẹ̀, a sì lè jàre. Ó wá ní, "Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹjọ́ bá fi máa parí, ṣé àbúrò ẹ ṣì máa lè sáré?"

Mo lọ bá bàbá mi.

"Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi," wọ́n ní. "Ṣé kí n wá máa lá itọ́ mi ni?"

"Ọ̀rọ̀ ti jáde lóòótọ́, Bàbá. Ọdún mélòó lẹ ní kó lò?"

"N kò sọ ọdún."

"Tí wọ́n bá mú ọmọ wá sí ṣọ́ọ̀bù yín ńkọ́?"

Ìyá mi, tó ń yan gàrí lẹ́yìn wa, ló dáhùn. "Bàbá wọn, ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lẹ táyà, ẹ ń dá ọdún fún un. Ẹni tó fẹ́ gba ẹsẹ̀ ọmọ wa lọ, ẹ ò bi í léèrè ọdún. Ó dáa náà."

"Ṣé èmi mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù ni?" bàbá mi ké mọ́ wọn, wọ́n sì jáde lọ.

Alága dé lọ́jọ́ Àìkú pẹ̀lú kóòṣì rẹ̀. Kò jókòó. "Ìwé dà?"

Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sì sọ fún un pé a fẹ́ kí wọ́n tún ibi mẹ́ta ṣe: kí àdéhùn ní ọjọ́ tó máa parí, kí wọ́n máa tọ́jú ọmọ bó bá farapa níbi ìdánrawò, kí ọmọ sì ní ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí lọ́yà," alága ní. Kóòṣì rẹ́rìn-ín.

"N kì í ṣe lọ́yà, sà. Mo kàn kà á ni."

Ó yíjú sí bàbá mi. "Bàbá, ṣé kò sí ọkùnrin nínú ilé yìí mọ́ ni?"

Àbúrò mi tó fara ti ògiri ló sọ̀rọ̀. Kì í sábà sọ̀rọ̀ níwájú àgbà. "Alága, ọjọ́ wo ni fúrídọ́ọ̀mù mi?"

"Kí ló ń jẹ́ fúrídọ́ọ̀mù? Bó o bá gbá bọ́ọ̀lù dáadáa, ọjọ́ náà á dé."

"Ta ló máa sọ pé mo ti gbá a dáadáa tó?"

"Èmi ni."

"Ẹ̀yin nìkan?"

"Ta ni ká tún bi? Ìyá ẹ?"

"Ẹ má bínú, sà. N kò ní fọwọ́ sí i."

Alága tún kọjú sí bàbá mi. "Ẹ̀yin lẹ fà á lé mi lọ́wọ́. Gbogbo ilé ló gbọ́."

Mo wo bàbá mi. Mo mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn jẹ́ ní Lálúpọn. Òun ló mú kí àwọn èèyàn máa fọmọ lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n dìde dúró, wọ́n ní, "Mo sọ ọ́, n kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ló ni ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Kò burú," alága ní. "A ó máa wò ó, bóyá ẹsẹ̀ òun nìkan ló wà láyé." Ó mú ìwé rẹ̀, ó lọ.

Sáà bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ láìsí àbúrò mi nínú ẹgbẹ́ náà. Àwọn ará àdúgbò ní èmi ni mo ba oríire ọmọ jẹ́, pé ìwé àkàjù ló ń dà mí láàmú. Mo gbé ọ̀rọ̀ wọn wò. Ó ṣeé ṣe kó má rí ẹgbẹ́ mìíràn, n kò sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé á rí. Ohun kan ṣoṣo tó dá mi lójú ni pé ẹni tí kò lè kúrò níbi iṣẹ́, tí kò mọ ìgbà tó máa kúrò, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Orúkọ mìíràn ni à ń pè é, àwọn bàbá wa sì mọ orúkọ náà.

Láìpẹ́, méjì nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ náà gun ọ̀kadà wá bá àbúrò mi. Wọ́n ti fọwọ́ sí tiwọn, wọn kò tíì rí ẹ̀dà kankan. Orúnkún ọ̀kan ti wú níbi ìdánrawò, ìyá rẹ̀ ló sì ń fi omi gbígbóná tọ́jú rẹ̀. Wọ́n padà lọ bá àwọn yòókù, gbogbo wọn sì pinnu pé àwọn kò ní gbá bọ́ọ̀lù títí ẹgbẹ́ á fi tọ́jú ẹni tó farapa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni alága pe àbúrò mi lórí fóònù. Mo jókòó tì í, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Máa bọ̀," alága ní. "A ti fi ọ̀rọ̀ ìtọ́jú sí i. A ó fún ẹ ní ẹ̀dà pẹ̀lú."

"Ẹ ṣeun, sà. Ọdún tí ẹ̀yin nìkan lè fi kún un ńkọ́?"

"Ìyẹn wà níbẹ̀. Báyìí ni gbogbo ẹgbẹ́ ṣe ń ṣe é."

"Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹ tó tún pè mí, sà."

Àbúrò mi pa fóònù. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó sì sáré lọ sí pápá àdúgbò wa láti dánra wò.