Ọjọ́ Tí Ìyá Télọ̀ Jágbe Mọ́ Mi ní Barking

Ọjọ́ Sátidé tí mo gbé kámẹ́rà iléèwé lọ sí ọjà Barking nílùú Ọba níbí kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Tíṣà wa ló ní kí a ya fọ́tò àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ládùúgbò. Mọ́mì tẹ̀ lé mi.

Mo kọ́kọ́ ya bàbá ará Íńdíà kan tó ń to ilá àti ata sórí tábìlì. Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Lẹ́yìn náà ni mo rí ìyá arúgbó kan, ará Íńdíà lòun náà, tó ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó wọ ẹ̀wù òtútù lé sárì. Inú mi dùn débi pé n kò tọrọ àyè kí n tó yà á.

Ó jágbe mọ́ mi: "Ta ló ní kí o yà mí?"

Gbogbo ọjà yíjú sí wa. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ ma! Sorry ma!"

Ìyá náà sún mọ́ mi. Ó rọra gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó sì fi èdè wọn ṣàdúrà fún mi. Ó ní àwọn ọmọ-ọmọ òun kì í tẹrí ba fún àgbà báyìí mọ́.

"Àmín o!" ni Mọ́mì ké. Ó ti gba kámẹ́rà, ó ń yà wá. Òun náà kò tọrọ àyè! Ìyá télọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

Nínú gbogbo fọ́tò mi, èyí tí Mọ́mì yà yẹn nìkan ni tíṣà gbé kọ́ sára ògiri. Nígbà tí mo sọ fún Mọ́mì, ó ní, "Ṣé wọ́n kọ orúkọ mi sí i?"