Yíyípo Tó Gba Orí Gbodo Mi Kọjá

Mi ò fẹ́ràn fóònù ọmọ mi yẹn láti ọjọ́ tí mo ti rí i, mi ò sì ní fẹ́ràn rẹ̀ títí wọn ó fi sin mí. Ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ èyí ní kí n fi ọ̀rọ̀ tútù bẹ̀rẹ̀. Mo ní kó kọ ohun tí mo sọ.

Gbodo ni mo ń ṣe. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, gbodo ni mo fi tọ́ ọmọ márùn-ún. Tí ọyẹ́ bá dé, a ó bẹ iṣu, a ó gé e, a ó bọ̀ ọ́ sínú omi gbígbóná, a ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, a ó wá sá a sóòrùn. Orí àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ọ̀fà níbí la ń sá a sí tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọ́n ti kọ́lé sórí àpáta náà tán. Ó wá ku títì ọlọ́dà kan ní ọ̀nà Ìjagbó, nínú ẹ́sítéètì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò parí. Títì náà yí po bí ẹ̀gbà ọwọ́. Ilé ò sí níbẹ̀, mọ́tò kì í gba ibẹ̀. Èmi àti obìnrin mẹ́ta mìíràn pín in láàárín ara wa, oníkálukú to òkúta yí tirẹ̀ ká, ẹni tó bá sì rí òkúta náà ti mọ̀ pé oúnjẹ èèyàn ló wà nínú rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tá a ti wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá lé wa kúrò, kò sí ibòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni ọyẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Gbodo tí kò bá gbẹ lásìkò á bu, ewúrẹ́ ló máa jẹ ẹ́.

Àbíkẹ́yìn mi ló mú ogun wá síbẹ̀. Mẹkáníìkì máṣíìnì, èyí tí ẹ ń pè ní ọ̀kadà, ni, ẹni ogójì ọdún, tó níyàwó, tó bímọ. Ó ra máṣíìnì kan tó ń han bí ẹni tí wọ́n ń dá lóró, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi sáré yí títì wa po. Wọn ò gbé èrò, wọn ò gbé ẹrù. Wọ́n á yí po, wọ́n á tún yí po, wọ́n á wá dúró, wọ́n á kórí bọ ìdí fóònù bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

Fóònù yẹn ló ń ka eré fún wọn. Ọmọ mi dè é mọ́ iwájú máṣíìnì rẹ̀. Ó ní ohun kan wà lójú ọ̀run tó ń sọ ibi tí òun wà fún fóònù. Tí òun bá ti kọjá ibi tí òun fi ṣe ìlà, fóònù á ka yíyípo kan, á sì sọ iye sẹ́kọ́ńdì tó gbà. Obìnrin kan wà nínú rẹ̀ tó ń fi òyìnbó sọ ọ́ sí i létí.

Mo ní, "Ìyàwó rẹ ń bá ẹ sọ̀rọ̀ nílé, o ò gbọ́. Èyí tí kò lẹ́nu lò ń gbọ́ tiẹ̀."

Ó ní, "Màmá, èyí kì í bèèrè owó ọbẹ̀."

Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń yà fún òkúta wa. Yíyà yẹn ló wá di ìjà. Ní kọ́nà títì gan-an ni tèmi wà, níbi tí wọ́n ti ń yà jù. Lọ́jọ́ kan, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń yí gbodo padà, kò tiẹ̀ bọ́ akoto kúrò lórí.

"Màmá, sẹ́kọ́ńdì méjì ni gbodo yín ń gbà lọ́wọ́ mi ní yíyípo kan."

"Kí lo fẹ́ fi sẹ́kọ́ńdì méjì ṣe?"

"Ọmọ Ìjagbó kan wà nínú wa, sẹ́kọ́ńdì kan péré ló fi yá jù mí. Máṣíìnì tiẹ̀ fúyẹ́, ó máa ń tètè yà fún òkúta yín."

"Máa tètè jí láàárọ̀. Wàá bá a."

"Ẹ kó o lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, Màmá, sínú koríko."

"Ìwọ ni kí o lọ sáré nínú koríko. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ sá gbodo síbí, mi ò rí ìwọ àti obìnrin inú fóònù ẹ."

Ó ní títì ìjọba ni, kì í ṣe ẹ̀yìnkùlé mi. Ó ṣáná sí máṣíìnì rẹ̀, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, a lọ kírun. Nígbà tí a dé, òkúta mi ti fọ́n ká, ipa táyà sì gba àárín gbodo mi kọjá láti òpin kan dé èkejì. Èyí tí kò rún ti mu epo máṣíìnì. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà ni. Wọn ò fọwọ́ kan ti àwọn yòókù.

Mi ò sunkún. Mo kó èyí tó rún sínú apẹ̀rẹ̀, mo gbé e lọ bá baálé agboolé wa. Baálé yìí ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa kọ àkókò tí rélùwéè dé àti èyí tó kúrò sínú ìwé. Ó ránṣẹ́ pe ọmọ mi. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló tó wá, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan.

Baálé bi í pé, "Ìwọ lo gun gbodo ìyá rẹ?"

"Rárá o, Bàbá. Mo sáré níbẹ̀ lánàá lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ òkúta ni mo gbà. Màlúù ló máa gorí ẹ̀."

Mo ní, "Màlúù tó wọ táyà."

"O sáré lákòókò ìrun?" ni Baálé wí.

"Mo ti kí i nílé, Bàbá."

Baálé nàka sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó wá ní, "Ọ̀rẹ́ rẹ yìí sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé o ti ya ọmọ Ìjagbó yẹn sílẹ̀."

Ojú ọmọ mi tàn. Ó gbàgbé ẹjọ́ tó wá jẹ́. Ó ṣí fóònù, ó gbé e fún Baálé. "Ẹ wò ó, Bàbá. Àná ni."

Baálé wọ díńgí ojú rẹ̀, ó ń kà á sókè díẹ̀díẹ̀. Àádọ́rin. Àádọ́rin. Mọ́kànléláàádọ́rin. Àádọ́rin. Ó wá dúró. Méjìdínláàádọ́rin.

"Ibo lo ti rí sẹ́kọ́ńdì méjì yìí?"

"Mo tẹná mọ́ ọn ni, Bàbá."

"Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, tí dírẹ́bà bá tètè dé jù, mo máa ń bi í pé ibo ni kò dúró sí. Ìwọ, ibo ni o ò yà fún? Sẹ́kọ́ńdì mélòó lo ní gbodo ìyá rẹ ń gbà lọ́wọ́ rẹ?"

Mo bá a dáhùn. "Méjì."

Baálé ní kó fi ọ̀nà tó gbà hàn òun nínú fóònù. Ọmọ mi ní kò sí níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ṣèèṣì ní, "Ó wà ńbẹ̀ o, ẹ tẹ ìsàlẹ̀." Mi ò mọ̀wé, àmọ́ mo mọ títì mi. Àwọn ìlà ọ̀nà tó gbà yí po, gbogbo wọn ló tẹ̀ bí ìka tó ká kò ní ibi tí mo ń sá nǹkan sí. Ẹyọ kan ni kò tẹ̀.

Baálé ní láti ìgbà ọyẹ́ títí òjò àkọ́rọ̀ yóò fi rọ̀, máṣíìnì kankan kò gbọ́dọ̀ sáré níbẹ̀. Ó ní kí ọmọ mi ra iṣu, kó bẹ ẹ́, kó gé e fúnra rẹ̀. Ó gbà, kò jà. Ó ti ń dìde nígbà tí mo ní ó kù kan: kó pa yíyípo yẹn rẹ́ kúrò nínú fóònù.

Ìgbà yẹn ló tó dọ̀bálẹ̀. Ó na ara rẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Màá bẹ iṣu ọ̀sẹ̀ méjì fún yín. Ẹ má jẹ́ kí n pa á rẹ́."

Torí gbodo, kò bẹ̀ mí. Torí nọ́ńbà ló ṣe dọ̀bálẹ̀. Ká ní torí gbodo ni, bóyá ǹ bá fi í sílẹ̀ fún un.

Mo ní, "Pa á rẹ́."

Ó pa á rẹ́ níṣojú wa. Ó bẹ iṣu, ó gé e, ìyàwó rẹ̀ ló gbé e wá. Òun ò tíì wọ ilé mi láti ìgbà náà. Mo gbọ́ pé ọ̀nà Ìlemọnà ni wọ́n ti ń sáré báyìí, ọmọ Ìjagbó yẹn ló sì ń ṣíwájú wọn. Àwọn ará ilé ní kí n ránṣẹ́ pe ọmọ mi, pé ìyá ni mí. Gbodo mi wà lórí títì, ó ń gbẹ. Mi ò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.