Àwọn Bútà Mọ́sáláṣí Tó Bá Mi Re Kúdẹtì

Ẹ̀yin ará ilé, bí ẹ bá gbọ́ pé mo rin ìrìn àjò láti Bẹ́yẹrúnkà dé Kúdẹtì, nínú Ìbàdàn kan náà, ẹ ó ní, "Ṣé ìyẹn náà ni ìrìn àjò?" Ẹ ní sùúrù ná. Àpò ike mẹ́ta ni mo gbé jáde ní ìdájí ọjọ́ náà, èyí tó tóbi jù nínú wọn sì bo ojú ọ̀run débi pé àwọn adìyẹ tó ti jí padà lọ sùn.

Gọ́tà ló fà á. Ike àti ọ̀rá ti dí i pa, òjò kan wá rọ̀, àgbàrá wọ yàrá mi, ó sì wọ bàtà mi lọ kí èmi tó rí i wọ̀. Mo búra pé gbogbo ike agboolé wa á kúrò nílẹ̀. Wọ́n ní obìnrin kan wà ní Kúdẹtì, Ìyá Gbénró, tó ń gba ike tí wọ́n á lọ̀, tí wọ́n á tún fi rọ nǹkan tuntun. Ṣùgbọ́n kì í gba àpò tí kò bá kún, àpò mi kẹta kò sì kún.

Bí mo ṣe ń kọjá lẹ́bàá mọ́sáláṣí agboolé wa nínú òkùnkùn, mo rí òkìtì ike lára ògiri. Ìkan ò ní imú, òmíràn dá lọ́rùn, àkísà ni wọ́n fi so ọwọ́ ìkẹta. Mo ní, "Áà, Ládàánì tó ń pe ìrun fún wa náà ti ṣa tiẹ̀ sílẹ̀!" Inú ilé ni èmi ti ń ṣe àlùwàlá, mi ò mọ bútà tí wọ́n fi ń ṣe tiwọn lójú. Mo kó gbogbo rẹ̀ sápò. Àpò kún.

Onímárúwá dúró, ó wò mí, ó wo ẹrù mi. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ ni, àbí àpò yín?"

"Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni. Èmi ni àbúrò."

"Owó ẹni mẹ́rin lẹ ó san nìyẹn."

"Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ò tíì jẹun láti àná, ọmọ mi. Ṣàánú wọn."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba owó ẹni méjì. Bí a ṣe gun òkè Màpó báyìí, afẹ́fẹ́ kó sínú àpò, kẹ̀kẹ́ gbéra nílẹ̀! Mo bojú wolẹ̀, páànù ilé Ìbàdàn ló lọ rẹrẹẹrẹ. Awakọ̀ ń pariwo pé kí n jókòó dáadáa, èmi ń kí ẹyẹ ní "ẹ kú àárọ̀ o". Ọjà'ba la balẹ̀ sí. Mo mu ẹ̀kọ gbígbóná, mo fi àkàrà tì í, ọ̀rá tí wọ́n fi wé àkàrà náà kò bọ́ lọ́wọ́ mi, inú àpò ni.

Ní ilé wa, ike kì í kú. Èyí tí wọ́n fi ra bọ́tà á di ilé iyọ̀, kẹ́ẹ̀gì epo á di ti omi. Nígbà tí mo dé Kúdẹtì, tí mo kó àpò mi lé Ìyá Gbénró lọ́wọ́, mo rí i pé ìdílé ìdílé ni wọ́n ń pín ike sí níbẹ̀. Ike omi tó fẹ́lẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní pẹ́tì, wà lọ́tọ̀, ìdérí rẹ̀ ò sì gbọdọ̀ bá a sùn. Ike líle bíi kẹ́ẹ̀gì àti abọ́ wà lọ́tọ̀. Ọ̀rá wà láyè tirẹ̀. Àwọn obìnrin ń fọ èyí tó bá dọ̀tí nínú omi ọṣẹ, ẹ̀rọ tó ń lọ ike sì ń ké lẹ́yìn bí àgbò iléyá tó rí ọ̀bẹ. Inú mi dùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Fóònù mi dún. Ìyá Síkírà ni, ìyàwó mi.

"Bàbá Síkírà, níbo lẹ wà?"

"Mo wà lájò."

"Ẹ tètè máa bọ̀ o! Olè ti kó gbogbo bútà mọ́sáláṣí lọ! Ládàánì ti gbé gbohùngbohùn, ó ń ṣépè. Ó ní bí wọn ò bá rí bútà títí dìgbà ìrun Àílà lọ́sàn-án, kí ọwọ́ olè náà máa gbọ̀n títí ayé."

Mo wo ọwọ́ mi. Ó ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Gbénró, ọmọ mi, dá ẹ̀rọ yẹn dúró! Àwọn bútà tí mo kó wá, ti Ọlọ́run ni!"

Ó ní, "Ọlọ́run wo ló ń fi àkísà so bútà, Bàbá?" Ó na ìka sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bútà mi ló tò sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ti fọ̀ wọ́n, wọ́n ń dán. "Mi ò lè gbà wọ́n. Ẹ wò ó, ọ̀rá ni wọ́n fi iná yọ́ dí ìdí eléyìí. Abọ́ ni wọ́n gé lẹ imú ìyẹn. Wáyà ló di òmíràn mú. Wọn ò ní ìdílé kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kó wọn lọ."

Kò sẹ́ni tó kọ ẹrù mi rí tí mo dọ̀bálẹ̀ fún, àfi òun.

Èrò ti dí ojú ọ̀nà Ọjà'ba, Márúwá ò lè lọ. Mo so bútà mọ́ okùn, mo gbé e kọ́rùn, mo sáré. Mo sáré débi pé òjìji mi ní, "Ẹ máa lọ, mò ń bọ̀."

Bí mo ṣe dé, àwọn ọkùnrin ti ká ọwọ́ aṣọ sókè, wọ́n dúró lẹ́sẹ̀ lásán, wọ́n ń wo ara wọn. Ládàánì di gbohùngbohùn mú, ó fẹ́ẹ́ pe ìrun. Ó rí mi.

"Bàbá Síkírà! Níbo lẹ ti rí ìwọ̀nyí?"

"Kúdẹtì ni." Ṣé mo purọ́?

Ó gbé ìkan yẹ̀ wò. "Tòkunbọ̀ ni, ó hàn pé wọ́n ti tún wọn ṣe. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ́! Tiwa tí olè kó lọ dúdú bí ìdí ìkòkò." Kí n tó la ẹnu, ohùn rẹ̀ ti gba gbogbo Bẹ́yẹrúnkà kan: "Ẹni tó wá bútà fún wa yìí, kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn jíǹkí rẹ̀!"

"Àmín!" Èmi ni mo pariwo jù.

Ìyá Síkírà sún mọ́ wa. Ó di àkísà tó wà lọ́wọ́ bútà kan mú, ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́. Etí ìró rẹ̀ àtijọ́ ni, òun fúnra rẹ̀ ló ya á fún mọ́sáláṣí. Ó wo àkísà, ó wò mí.

"Bàbá Síkírà," ó rọra sọ ọ́ sí mi létí, "Àmín yín pọ̀ jù."

Ìrìn àjò yẹn kọ́ mi pé ohun tí a bá fọ̀ mọ́, ẹni tó ni ín lè má dá a mọ̀ mọ́, àti pé ojúmọmọ ló yẹ ká máa ṣa ike. Èpè òwúrọ̀ àti àdúà ọ̀sán ń bá ara wọn jìjàkadì lórí mi títí dòní. Àdúà ló ń borí, àfi ìgbà tí Ìyá Síkírà bá gbé bútà kọjá níwájú mi, ìgbà yẹn ni ọwọ́ mi máa ń gbọ̀n díẹ̀.