Epo Pupa Lẹ́nu Wáyà Tẹlifíṣọ̀n

Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin máa ń rí mi lára. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni mò ń wí o, ẹnu náà gan-an ni. Àgbẹ̀ ni ní Ayétòrò, òun ló sì máa ń bá mi so wáyà díìṣì nílé mi ní Ìlaròó. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ iṣẹ́ náà, eyín ló sì fi ń ṣe é. Á ki wáyà bọ ẹnu, á fi eyín gé awọ rẹ̀ yípo, á fà á yọ, á wá tu awọ dúdú náà pẹ̀lú itọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì mi. Kápẹ́ẹ̀tì tí mo fi ọwọ́ ara mi fọ̀!

Ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, a nílò tẹlifíṣọ̀n gidigidi. Ọmọbìnrin mi tó wà ní poli ti lọ ṣe ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn ti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ti gbà á sílẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n máa gbé e jáde, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyá wa, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti kọ̀ fún un, ló tọ́ ọmọ náà dàgbà. Ojú Màmá sì ti ń lọ. Dókítà ti sọ fún wa pé kò ní pẹ́ mọ́ tí kò fi ní ríran rárá. Àga rẹ̀ súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n bí ẹni ń yáná, dikódà wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ ṣá jẹ́ kí n rí i lẹ́ẹ̀kan sí i," ló ń wí ṣáá.

Ní Ọjọ́rú, àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Ẹ̀gbọ́n mi wá, ó yẹ kọnẹ́kítọ̀ wò, ìyẹn irin kékeré tí wọ́n máa ń yí mọ́ ẹnu wáyà. Ó ní, "Ó ti ń dípẹtà. Màá mú tuntun bọ̀ ní Sátidé."

Ó kù bí ààbọ̀ wákàtí kí aago mẹ́rin lù ní Sátidé náà nígbà tí àwòrán lọ pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi ti dé, ó ń kí Màmá, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Èmi fa dikódà síwájú. Ẹ gbà mí! Èèrà ti ṣùpọ̀ mọ́ ẹnu wáyà, aáyán kan tó sanra sì ń jẹun láàárín wọn. Epo pupa ló wà níbẹ̀, ó ti dì, ó ti gba eruku àti irun, ó ń rùn bí ìkòkò ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé. Ọwọ́ mi ti kàn án kí n tó mọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dọ̀tí!" Mo ń bú u, mo ṣì ń pè é ní ẹ̀yin, bí wọ́n ti kọ́ wa nílé. "Ṣé àdá lẹ pe èyí ni? Itọ́ yín kò tó, ẹ tún ń fi epo pe èèrà wá sílé mi! Ìwà oko yín ti sú mi!"

Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀, ó ń gbọn èèrà dànù.

Màmá ló sọ̀rọ̀. "Èmi ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní irin náà ti ń dípẹtà. Epo ni mo fi ń ra àdá bàbá yín bí òjò bá ti ń bọ̀, kò dípẹtà rí. Epo tó kù lẹ́yìn tí mo jẹ iṣu ni mo fi sí i lánàá òde yìí, mo tún fi kún un láàárọ̀. Mi ò fẹ́ kó bàjẹ́ kó tó di òní."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. "Ẹ mọ̀?"

"Mo rí epo náà ní èékánná rẹ̀. Ṣé kí n wá ní kó o bú u ni?"

Ojú tì mí. Bílẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tó wà nílé, bí mo ṣe ní kí n fi bó wáyà náà, ó kán. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀bẹ ìdáná gé ibi tó bàjẹ́ sọnù, àmọ́ ó ní ọ̀bẹ kò ṣeé fi bó o, ó máa gé irun wáyà tó wà nínú. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú. "Eyín ń dùn mí láti ìjẹta. Ìwọ bó o."

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ẹni tó tutọ́ sókè ló ń fojú gbà á. Mo ki wáyà bọ ẹnu. Epo kíkan tó ti ṣàn wọ ara wáyà ni mo tọ́ wò, pẹ̀lú èèrà tó ṣì ń rìn. Mo bù ú jẹ, mo fà á, mo tu ú sórí kápẹ́ẹ̀tì mi. Ẹ̀gbọ́n mi ká irun wáyà sẹ́yìn, ó yí kọnẹ́kítọ̀ tuntun mọ́ ọn.

Ọmọ náà ti ń dáhùn ìbéèrè nígbà tí àwòrán dé. Màmá na ìka kan, ó fi kan ojú ọmọ náà lórí tẹlifíṣọ̀n.

"Ṣé òun rèé?"

"Òun ni, Màmá."

"Ó ti rù."

Ojú Màmá ti pa báyìí. Ipa ìka elépo kan ṣì wà lójú tẹlifíṣọ̀n mi. Èèrà máa ń wá síbẹ̀, ó sì ń kó mi nírìíra títí di òní. Mo máa ń ṣa wọ́n kúrò níkọ̀ọ̀kan. N kò nù ún.