Àga Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ní Kí N Sún

"Ṣé ọwọ́ ẹ kàn án?"

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bi mí kẹ́yìn nìyẹn, lórí fóònù, lọ́jọ́ Ẹtì kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Irọ́ ni. Ó gbà mí gbọ́, ó pa fóònù, ó lọ wa bàálù.

Àga kan là ń sọ. Ó ní kí n sún un sẹ́yìn. Mi ò sún un.

Kì í ṣe bàálù ló pa á. Mo tètè ń sọ ọ́ nítorí ohun tí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń bi mí nìyẹn. Ó gbé bàálù balẹ̀ dáadáa. Gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gba ẹrù wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Ó wọ òtẹ́ẹ̀lì tí ilé iṣẹ́ gbà fún un, ó sùn, kò jí. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ló dì lára ẹ̀, ó lọ dí òpó ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógójì ni.

Káfíńtà ni mí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo bá pákó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló ka ìwé tèmi mọ́ tiẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi wa bàálù akérò, èyí tó ń gbé èèyàn bí ogóje. Màmá wa ò lè gun àkàbà. Tí wọ́n bá bi í pé báwo ló ṣe bí ẹni tó ń fò, á ní, "Ẹ bi bàbá ẹ̀. Ní tèmi o, ilẹ̀ ni mo wà."

Bàálù kọ́ ló jẹ́ káwọn èèyàn mọ̀ ọ́n. Fídíò ni. Ó ń ṣe é ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tí mò ń kó ilẹ̀kùn ògbólógbòó sí tẹ́lẹ̀. Èmi ni mò ń di kámẹ́rà mú. Ní fídíò àkọ́kọ́, ó bu omi sínú garawa, ó ń fì í yípo lókè orí. Omi ò dà. Ó ní bí bàálù ṣe ń yà tí tíì yín kì í fi dà nìyẹn. Ó ní ká tún un ṣe kó lè dára sí i. Nígbà kejì, gbogbo omi dà sí mi lórí. Ìyẹn náà ló gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Títí dòní, òun làwọn èèyàn wò jù.

Wọ́n ń bi í ní ìbéèrè láti ibi gbogbo. Ṣé páílọ́ọ̀tì máa ń sùn? Ṣé ẹyẹ lè wọlé? Ó ń dá gbogbo wọn lóhùn. Ó ní kò sí ìbéèrè òmùgọ̀ láyé, àfi ti àbúrò òun.

Nígbà tó yá, ó ra awò ńlá kan, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ojú. Tẹ́ ẹ bá dè é, yàrá á pòórá. Iwájú bàálù lẹ máa bá ara yín, bọ́tìnnì lọ́tùn-ún lósì, òfuurufú lọ bẹẹrẹ. Tẹ́ ẹ bá yí ọrùn, ẹ máa rí apá bàálù. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá nawọ́, afẹ́fẹ́ lẹ máa dì mú. Inú ẹ̀gbọ́n mi ò dùn sí ìyẹn.

Ó ní, "Káfíńtà, ojú ti rí tiẹ̀. Wá fún ọwọ́ ní tiẹ̀."

Mo fi pákó kan iwájú bàálù sínú yàrá yẹn. Àga, ọwọ́ ìtukọ̀, irin tí wọ́n fi ń fún ẹ́ńjìnnì bàálù lágbára. Ibi tí ojú bá ti rí nǹkan nínú awò, ibẹ̀ náà lọwọ́ gbọ́dọ̀ ti bá a. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi ń jókòó, ó ń nawọ́, mò ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Ara ẹ̀ ni mo fi wọn gbogbo ẹ̀. Àṣìṣe mi nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi kúrú.

Màmá ló kọ́kọ́ dè é. Ó pariwo, "Ẹ dákun, ẹ sọ̀ mí kalẹ̀!"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Màmá, ẹ ò tíì gbéra."

Àwọn tó ń wo fídíò wá bẹ̀rẹ̀ sí wá lọ́jọ́ Sátidé tó bá wà nílé. Olùkọ́, aránṣọ, ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Wọ́n á jókòó, á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbé e balẹ̀. Ó gba ohùn ara ẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń mú awò náà ṣiṣẹ́, kí wọ́n lè máa kọ́ ọ tí òun ò bá sí nílé.

Àṣà kan wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Kí bàálù tó gbéra, ẹnì kan á máa dárúkọ nǹkan, ẹnì kejì á fọwọ́ kàn án kó tó dáhùn. Ọwọ́ ló ń ṣáájú ẹnu. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e wálé. Tá a bá fẹ́ jáde, á dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Gáàsì?"

"Mo ti pa á."

"Ṣé ọwọ́ ẹ kàn án?"

Màá kùn, màá sì padà. Ó ní ẹnu lè ti pa gáàsì kọ́wọ́ má tíì kúrò lápò.

Obìnrin kan wà tí kì í fi fídíò ẹ̀gbọ́n mi ṣeré. Wẹ́dà ni. Ó ga débi pé àwọn ará ṣọ́ọ̀bù wọn ń pè é ní Òpó Iná. Ó ti gba fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ páílọ́ọ̀tì. Ẹnì kan wá sọ fún un pé ẹsẹ̀ ẹ̀ ti gùn jù, pé kò lè gba iwájú bàálù. Ó kọ̀wé sí ẹ̀gbọ́n mi pé òun máa ya fọ́ọ̀mù náà.

Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn pé, "Má ya nǹkan kan. Wá jókòó lọ́dọ̀ wa ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó o fojú ara ẹ rí i. Ọjọ́ Ajé lo máa wá dá fọ́ọ̀mù padà."

Ó wá yíjú sí mi. "Àga bàálù gidi máa ń sún. Tiwa lo kàn mọ́lẹ̀ gbagidi. Bá mi sún un sẹ́yìn kí ọmọ yẹn tó dé."

Mo ní kò sí wàhálà. Ilẹ̀kùn oníbàárà mẹ́ta wà nílẹ̀. Bọ́ọ̀lù wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin péré ni. Mo ní màá ṣe é lọ́la.

Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ yẹn ló pè láti pápá bàálù, ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí àlejò dé. "Àga?" Mo ní mo ti sún un. Ẹ ti mọ èyí tó kù.

Lẹ́yìn tá a sin ín, mo ti yàrá ẹ̀yìn pa. Mo ní mi ò ní fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n apá ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Tí mo bá sún àga, kí ló kù?

Sátidé yẹn pé. Wọ́n kanlẹ̀kùn lọ́sàn-án. Mo ṣí i. Àyà èèyàn ni mo rí. Mo gbójú sókè kí n tó rí ojú ẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn," ni wẹ́dà wí. "Mo kàn wá kí yín ni. Mi ò wá jókòó." Fọ́ọ̀mù ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀ nínú ọ̀rá.

Màmá ké látinú ilé. "Ta nìyẹn?"

"Ẹni tí àǹtí ní kó wá ni."

"Ẹ̀gbọ́n ẹ pe àlejò, ìwọ wá dí ẹnu ọ̀nà bí ọlọ́pàá! Jẹ́ kó wọlé."

Mo mú kọ́kọ́rọ́. Eruku ti bà lé awò. Wẹ́dà tẹrí ba kó tó gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó jókòó. Orúnkún ẹ̀ gbá pákó, gbà! Ó yí ara padà. Gbà! Ó dìde, ó ń ra orúnkún.

Ó ní, "Òótọ́ ni wọ́n sọ." Ó yọ fọ́ọ̀mù jáde, ó ká a sí méjì. Mo rí i pé yíya ló kàn.

Mo ní, "Ẹ dúró. Ẹsẹ̀ yín kọ́. Àga ni. Ó ní kí n sún un nítorí yín. Mo sọ fún un pé mo ti sún un. Mi ò sún un. Ó kú pẹ̀lú irọ́ tí mo pa fún un."

Ó wò mí. Mo rò pé ó máa bú mi, tàbí kó ní kí n má sunkún.

Ó ní, "Ṣé ẹ ní sípánà?"

"Mo ní in."

"Kí lẹ wá ń dúró dè?"

Ó dùbúlẹ̀ lábẹ́ àga, ó di ìsàlẹ̀ nọ́ọ̀tì mú, mò ń yí tòkè. Ọwọ́ ẹ̀ le ju tèmi lọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde. A sún un sẹ́yìn ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan àti ìka méjì. Mo lu ihò tuntun, a dè é padà. Ó jókòó. Orúnkún ẹ̀ ò kan nǹkan kan.

Mo tan ẹ̀rọ. Ó de awò mọ́jú. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi jáde.

"Ẹ káàbọ̀. Ẹ má bẹ̀rù, ilẹ̀ ò ní lọ síbì kankan. Àga?"

Ẹ̀rọ náà kì í tẹ̀ síwájú àfi téèyàn bá dáhùn. Wẹ́dà kọjú sí mi. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ máa dáhùn ìyẹn."

Mo tẹ̀ síwájú. Mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ àga.

"Ó ti sún."

"Ṣé ọwọ́ yín kàn án?" Bó ṣe ń bi gbogbo wọn nìyẹn.

"Ó kàn án."

"Ó yá, ká máa lọ."

Wẹ́dà gbé e balẹ̀ sínú odò. Mo ní, "Ẹ ti gbé èrò sómi." Ó ní, "Wọ́n á wẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín, ó yà mí lẹ́nu. Lẹ́ẹ̀kejì, ó bá inú koríko lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, táyà kan ilẹ̀, bàálù sáré, ó rọra dúró. Kò tètè tú awò náà. Nígbà tó tú u, ojú ẹ̀ tutù.

Ó na fọ́ọ̀mù lórí itan ẹ̀ títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn pé ó ká a. Lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ṣé ẹ ń ṣí ní Sátidé tó ń bọ̀? Ìyá nọ́ọ̀sì yẹn ń béèrè lórí fídíò."

Mo ní à ń ṣí.

Lẹ́yìn tó lọ, ihò mẹ́rin àtijọ́ wà lára pákó ilẹ̀, níbi tí àga wà tẹ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè fẹsẹ̀ kọ́ ibẹ̀. Mo kó ìyẹ̀fun pákó tó dà nígbà tí mo ń lu ihò tuntun, mo pò ó mọ́ gọ́ọ̀mù nínú ìdérí agolo. Mo fi ọ̀bẹ kékeré dí wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó sílẹ̀ títí wọ́n fi gbẹ. Mo mú sáńpépà, mo ń fi í ha wọn, mo sì ń fọwọ́ pa ibẹ̀ wò.